Òkè Tí Ìyàwó Ilé Kì Í Pè Lórúkọ

"Ẹ̀yin awakọ̀ wa, ẹ kú ojúmọ́ o. Ìbíwùmí ló ń bá yín sọ̀rọ̀ láti Etíyìnyín. Ojú mọ́ kedere lórí Abuké, ẹ lè gba ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá. Ìkùukùu ti bo Eyín Kan láti ọrùn dé orí, ẹ má ṣe sún mọ́ ọn. Ọ̀nà Ọ̀fun ṣí, àmọ́ atẹ́gùn ibẹ̀ le, ẹ yáa so ẹrù yín dáadáa. Ní ti Bàbá Onífìlà, wọ́n ti dé fìlà wọn láàárọ̀ yìí, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ sápá òsì. Gbogbo wa la mọ ohun tíyẹn túmọ̀ sí. Kí ojú ọjọ́ tó yí padà lọ́sàn-án, kí kálukú ti wà lábẹ́ òrùlé."

Bó ṣe pa rédíò, iná pupa kékeré kan ṣẹ́jú lára Etí tó wà lókè fèrèsé. Etí náà, ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu, kò ju awúsá lọ. Irú rẹ̀ wà nínú gbogbo ilé ní Etíyìnyín, ó wà nínú gbogbo ọkọ̀ afàyàfà tó ń rìn lórí yìnyín, ó sì wà lẹ́sẹ̀ gbogbo òkè tó bá ti yọrí jáde. Wọ́n ní kì í gbọ́ ẹjọ́ ẹlẹ́jọ́, pé orúkọ ilẹ̀ àti orúkọ òkè nìkan ló ń gbọ́. Àwọn obìnrin Etíyìnyín gbà bẹ́ẹ̀ o, síbẹ̀ wọn a máa fi ìborùn bò ó kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ òfófó.

Ọ̀rọ̀ Etí yìí ti ń ya Ìbíwùmí lẹ́nu ọjọ́ ti pẹ́. Bó bá gbọ́ orúkọ, ibo ló ń gbé e lọ? Àti pé kí ni àwọn òkè ń jẹ́ nígbà tí yìnyín ṣì bò wọ́n mọ́lẹ̀, tí kò sí ẹnì kankan láyé tó mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀? Ó ti bi Akínbọ̀dé ọkọ rẹ̀ léèrè rí. Akínbọ̀dé fi í rẹ́rìn-ín, ó ní kò sóhun tí ìyàwó òun ò lè bèèrè. Awakọ̀ ni ọkùnrin náà. Láàárọ̀ ọjọ́ tí à ń wí yìí, ó ti kó ẹrù gba Ọ̀nà Ọ̀fun lọ, òun náà sì wà lára àwọn tó ń gbọ́ ohùn ìyàwó rẹ̀.

Màmá, ìyá ọkọ rẹ̀, ń po ẹ̀bà lọ́wọ́ nígbà tí ilé bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́sẹ̀. Yìnyín tí wọ́n kọ́lé lé kì í dúró sójú kan. Odò ni, àmọ́ odò tó ń rìn jẹ́jẹ́ ni, òkun ló sì ń lọ. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ilé Etíyìnyín fi ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, tí wọ́n sì máa ń rìn padà sẹ́yìn, síhà òkè, kí wọ́n má bàa bá ara wọn nínú omi bíi ti àwọn baba ńlá wọn nígbà tí òkun gbé etíkun ilé mì. Màmá fọwọ́ di ìkòkò mú, Ìbíwùmí fọwọ́ di tábìlì mú. Àsìkò yẹn gan-an ni àlejò kan gba ẹnu ọ̀nà wọlé, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lé Màmá lórí.

Ọkùnrin gíga kan ni, Tevita lorúkọ rẹ̀, ará erékùṣù kan tí omi ti gbé mì. Àjọ Orúkọ, àwọn tó ń kọ orúkọ òkè sínú máàpù, ló rán an wá. Ẹ̀rọ kékeré kan tó so mọ́ ọ̀fun ló ń sọ èdè rẹ̀ di Yorùbá, Yorùbá náà sì le gbagidi bí ìwé òfin. Ó kí wọn tán, ó jókòó, ó wo ojú Ìbíwùmí.

"Ìyáàfin," ni ẹ̀rọ náà wí, "ẹnu yín ló pọ̀ jù lórí òkè yìí."

Màmá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní òun náà ti ń sọ bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti gbé ìyàwó wọlé. Tevita ò rẹ́rìn-ín. Ó yára ṣàlàyé pé ohun tí òun ń wí ni pé nínú gbogbo ohùn tí Etí ti gbọ́ nípa Bàbá Onífìlà, òkè tó wà níwájú ilé yìí, ohùn Ìbíwùmí ló pọ̀ jù, nítorí pé àràárọ̀ ló ń dárúkọ rẹ̀ fún gbogbo awakọ̀. Òní sì ni ìgbọ́ òkè náà, ìyẹn àkókò tí Etí fi ń gba orúkọ rẹ̀ lẹ́nu èèyàn, máa parí.

Ó gbé àwo pẹlẹbẹ kan sórí tábìlì. Ìmọ́lẹ̀ yọ láti inú rẹ̀, àwọn òkè sì dìde sórí tábìlì, gbogbo wọn pátá, láti etí òkun títí wọ inú ilẹ̀ yìnyín lọ́hùn-ún. Ìbíwùmí rí Abuké, ó rí Eyín Kan, ó rí Ọ̀nà Ọ̀fun láàárín wọn. Ó rí i bí odò yìnyín ṣe yí ẹsẹ̀ wọn ká. Ó gbàgbé ẹ̀bà. Ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí tábìlì po, torí pé láyé rẹ̀, kò tíì rí ẹ̀yìn Bàbá Onífìlà rí. Iwájú nìkan ni Etíyìnyín ń rí, iwájú náà rí ṣóńṣó, yìnyín sì bò ó. Ẹ̀yìn ńkọ́? Ẹ̀yìn dúdú, ó rí roboto, ó dán. Atẹ́gùn ti gbá gbogbo yìnyín ibẹ̀ lọ.

"Ṣé ẹnì kan ń gbé lọ́hùn-ún?" ni Ìbíwùmí bèèrè.

Tevita ní bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn kan tó ń wa ilẹ̀ ti tẹ̀dó síbẹ̀, wọ́n sì ní orúkọ tí wọ́n ń pe òkè náà. Ìdí Ìkòkò ni wọ́n ń pè é.

Ẹ̀rín ti bọ́ lẹ́nu Ìbíwùmí kó tó mọ̀, torí pé lóòótọ́, ìdí ìkòkò gan-an ló jọ. Àmọ́ nígbà tó wo ẹ̀yìn, Màmá ò rẹ́rìn-ín. Ó ti gbé ìkòkò kalẹ̀.

Tevita ní kí wọ́n jọ̀wọ́ gbọ́ òun. Láyé àtijọ́, àwọn tó ń ya máàpù ló ń pín orúkọ fún òkè. Wọ́n á fi orúkọ ọba sọ ọ́, wọ́n á fi orúkọ olówó tó fún wọn ní ọkọ̀ ojú omi sọ ọ́, ọba àti olówó náà ò sì ní fojú kan yìnyín títí tí wọn ó fi kú. Òfin Ẹnu ti gbá gbogbo ìyẹn dànù. Ohun tí àwọn tó ń gbé lábẹ́ òkè bá ń pè é, ìyẹn ni orúkọ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè fi lẹ́tà bèèrè, kò sẹ́ni tó lè fi agbára gbà á. Ẹnu ni.

"Ìṣòro ibẹ̀ rèé," ni Tevita wí. Ó fọwọ́ kan òkè tó wà láàárín tábìlì, ohùn sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ìbíwùmí gbọ́ ohùn ara rẹ̀: Bàbá Onífìlà. Ó gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀ àti ti àwọn àbúrò ọkọ rẹ̀: Bàámi. Ó gbọ́ ohùn àwọn ọmọ ilé: Bàbá Àgbà. Ó gbọ́ ohùn àwọn àgbà awakọ̀: Ọ̀gá wa. Lẹ́yìn náà, ó gbọ́ ohùn Màmá, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń dá sọ̀rọ̀ lẹ́nu fèrèsé: Bàbá Bọ̀dé.

"Lápá ìhín, orúkọ yín pọ̀, kò sì sí èyí tó tó," ni Tevita wí. "Lápá ọ̀hún, ẹyọ kan ni wọ́n ń pè. Bó bá rí báyìí títí ìgbọ́ fi parí, Ìdí Ìkòkò ni yóò máa jẹ́." Ó wá bèèrè ohun tó ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn láti ìgbà tó ti balẹ̀. Pátákó irin kan wà lẹ́sẹ̀ òkè náà, ó rí orúkọ kan lára rẹ̀. Etí ò sì gbọ́ orúkọ náà lẹ́nu ẹnikẹ́ni, àfi lẹ́nu àlejò tó ń bèèrè ọ̀nà. Ta ni Akínfọlárìn?

Ìbíwùmí wolẹ̀. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti pe orúkọ yẹn kẹ́yìn nínú ilé náà.

Màmá ló dáhùn. Ó ní ọkọ òun ni. Òun ló kọ́kọ́ rí Ọ̀nà Ọ̀fun, nígbà tí gbogbo ayé ń sọ pé kò síbi téèyàn lè gbà la àárín àwọn òkè kọjá. Òun ló kọ́ àwọn tó wà lórí ọkọ̀ lónìí bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀pá yẹ yìnyín wò kí wọ́n tó gbẹ́sẹ̀ lé e. Lọ́jọ́ kan, yìnyín là lábẹ́ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ òkè yẹn, ó gbé e mì, ó sì padé. Wọn ò rí òkú gbé. Àwọn awakọ̀ fi irin ṣe pátákó, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí i, wọ́n ní òkè yẹn ni sàréè rẹ̀.

"Nígbà náà, èé ṣe tí ẹ kì í pè é?" ni Tevita bèèrè. Kì í ṣe pé ó fẹ́ bá wọn wí. Ó fẹ́ mọ̀ ni, ó ti tẹ orí síwájú, ojú rẹ̀ sì ń tàn. "Ta ló ń pè é lórúkọ nínú ẹbí?"

Ìyá ọkọ àti ìyàwó wo ara wọn. Wọ́n ronú sí i lóòótọ́, wọ́n ń ka àwọn èèyàn lọ́kàn. Ọmọ kì í pe bàbá rẹ̀ lórúkọ. Ọmọ ọmọ kò jẹ́ dán an wò. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá kì í pe ọ̀gá lórúkọ. Ìyàwó kì í pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ. Ìyàwó ilé sì nìyẹn, òun ni kì í pe ẹnikẹ́ni tí wọ́n bí sílé ọkọ kó tó dé ibẹ̀.

"Kò sí," ni Màmá wí. Ó jọ pé ọ̀rọ̀ náà ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu.

Ìbíwùmí rántí ọjọ́ tí wọ́n gbé e wá. Lẹ́yìn tí wọ́n ti fi omi gbígbóná ṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n to àwọn ará ilé fún un. Gẹ́gẹ́ bí ìyàwó, ó fún kálukú lórúkọ tí yóò máa pè é: àbúrò ọkọ rẹ̀ kan di Eyínfúnjowó, èkejì di Ọkọ Mi Kékeré. Nígbà tí gbogbo wọn tán, Màmá fà á lọ́wọ́ jáde, ó fi òkè hàn án, ó ní, "Bàbá ọkọ ẹ rèé." Ìbíwùmí kúnlẹ̀ lórí yìnyín. Ó gbójú sókè, ó rí ìkùukùu tó jókòó sórí òkè náà tó sì tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Bàbá Onífìlà, ẹ kúulé o." Wọ́n ní Màmá ò tíì rẹ́rìn-ín láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti lọ, àmọ́ ó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, torí pé bí ọkùnrin yẹn ṣe máa ń dé fìlà gan-an nìyẹn. Láti ọjọ́ náà ni Ìbíwùmí ti ń pe orúkọ yẹn lórí rédíò, tí àwọn ọ̀dọ́ awakọ̀ sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀yẹ ló pè é. Ta ló lè rò pé ẹ̀yẹ ni yóò gba sàréè lọ́wọ́ ẹni tí à ń yẹ́ sí?

Tevita ní òfin fi ilẹ̀kùn kan sílẹ̀. Bí ohùn bá pín báyìí, ẹnu tó pọ̀ jù lè lọ dúró níwájú òkè, kó sì pè é lẹ́ẹ̀kan. Ohun tó bá pè ti di orúkọ títí láé. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò pè é. Kò sẹ́ni tó lè bá a pè é, kò sì gbọdọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Ojú rẹ̀ sì gbọdọ̀ rí òkè náà.

Ìbíwùmí wo ojú fèrèsé. Fìlà ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ sí iwájú orí Bàbá.

Wọ́n wọ ọkọ̀ afàyàfà, Ìbíwùmí ló wà á. Lójú ọ̀nà, ó pe Akínbọ̀dé lórí rédíò. Ọkùnrin náà gbọ́ ọ títí. Ó ní tó bá jẹ́ ti òun, òun ò fẹ́ kí wọ́n pe ibi tí bàbá òun sùn sí ní Ìdí Ìkòkò. Àmọ́ òun ò sì fẹ́ kí àwọn mọ̀lẹ́bí máa sọ lẹ́yìn ọ̀la pé ìyàwó Akínbọ̀dé dúró lójúmọmọ, ó pe bàbá ọkọ rẹ̀ bí ẹni ń pe ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ní ohun tó bá ṣe, òun wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìbíwùmí dúpẹ́. Nínú ọkàn rẹ̀, ó ní ọkọ òun ti gbé gbogbo ẹrù náà ru òun, ó sì rọra yọ ọwọ́ tirẹ̀ kúrò.

Ó bi Tevita bóyá òun lè pe Onífìlà. Tevita ní bẹ́ẹ̀ ni, orúkọ tó bá wù ú ni. Ara tù ú díẹ̀. Orúkọ tirẹ̀ ni, ó dùn lẹ́nu, kò sì tàbùkù ẹnikẹ́ni. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n Màmá, tó jókòó lẹ́yìn pẹ̀lú aṣọ òtútù tó bò ó dé imú, kò gbójú kúrò lára òkè, bó ṣe ń wò ó sì ń dun Ìbíwùmí.

Wọ́n dé ẹsẹ̀ òkè. Láti ibẹ̀, òkè náà ga débi pé èèyàn ní láti gbé àgbọ̀n sókè kó tó rí orí rẹ̀. Pátákó irin náà dúró síbẹ̀, yìnyín ti bo ìdajì rẹ̀, Etí kékeré kan sì wà lórí ọ̀pá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìkùukùu ti dé ọrùn òkè. Tevita ní kí wọ́n má pẹ́.

Ìbíwùmí la ẹnu. Onífìlà ló fẹ́ pè, ó ti wà létè rẹ̀, àmọ́ ó yíjú wo Màmá.

"Màmá, kí ni mo máa pè?"

"Mi ò lè sọ fún ẹ," ni Màmá wí. "Tí mo bá sọ ọ́, èmi ni mo rán ẹ."

"Ṣé Onífìlà ò dáa ni?"

"Ó dáa. Ó dùn mọ́ mi. Àmọ́ ẹni tó bá rí i nínú máàpù lọ́jọ́ iwájú, ṣé ó máa mọ̀ pé èèyàn wà níbí?" Màmá fa aṣọ kúrò ní ẹnu kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè jáde dáadáa. "Ìyàwó mi, láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ mi sílé, mi ò dárúkọ wọn rí. Lọ́jọ́ tí yìnyín gbé wọn, gbogbo awakọ̀ tó wà níbí ń pariwo orúkọ wọn sínú ihò. Èmi, Bàbá Bọ̀dé ni mò ń pè. Títí ihò fi padé, Bàbá Bọ̀dé ni mò ń pè. Mo máa ń rò ó pé bóyá ká ní mo pe orúkọ wọn gan-an ni, wọn ì bá dá mi lóhùn."

Omijé dé ojú Ìbíwùmí, òtútù sì mú un mọ́ ìpéǹpéjú rẹ̀. Láti ọdún tó ti ń bá obìnrin yìí gbé, kò gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu rẹ̀ rí. Ó wá yé e pé òun ò lè pe Onífìlà mọ́. Ẹ̀rù sì bà á, ẹ̀rù gidi, irú èyí tó máa ń ba ọmọ tó fẹ́ fọwọ́ kan ohun tí wọ́n ní kó má fọwọ́ kàn.

Ó yíjú sí Tevita. Ó ní, "Ṣé mo lè fi Bàbá ṣáájú rẹ̀?"

Tevita bojú jẹ́. Ó ní Àjọ kì í fẹ́ oyè lára orúkọ òkè. Àwọn ọba àti olóyè tó kún máàpù àtijọ́ ni wọ́n ṣe ń sá fún un.

"Kì í ṣe oyè. Ara orúkọ ni. Ẹni yòówù tó bá máa dárúkọ wọn láyé yìí, ì báà jẹ́ ará apá ọ̀hún, ì báà jẹ́ ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá rí, kó kọ́kọ́ pè wọ́n ní Bàbá. Bí ẹ bá máa yọ ọ́, mi ò ní pè é."

Tevita wò ó, ó wo òkè, ó wo ìkùukùu. Ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. Ó ní òfin sọ pé ohun tí ẹnu bá pè ni, kò sì sọ ibi tí ẹnu gbọdọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ìbíwùmí kúnlẹ̀ lórí yìnyín. Ó fi ìka kan ilẹ̀. "Ẹ foríjì mí," ló wí, "kì í ṣe àfojúdi." Ó pe orúkọ náà.

Iná Etí ò ṣẹ́jú. Ohùn rẹ̀ ti kéré jù, atẹ́gùn ti gbé e lọ. Tevita fọwọ́ júwe pé kó gbé ohùn sókè. Ìkùukùu ti dé àyà òkè.

Ìbíwùmí mí kanlẹ̀. Ó gbójú sókè, ó sì pè é tagbáratagbára, bí ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé kan tó fẹ́ kí onílé gbọ́ nínú yàrá:

"Bàbá Akínfọlárìn!"

Òkè gbà á lẹ́nu rẹ̀, ó tún un pè, Abuké náà tún un pè lọ́hùn-ún, ó sì ń lọ títí wọ Ọ̀nà Ọ̀fun. Iná pupa ṣẹ́jú. Tevita ṣí ẹ̀rọ ọ̀fun rẹ̀ kúrò, ó sì ń fi ẹnu ara rẹ̀ dán orúkọ náà wò díẹ̀díẹ̀.

Màmá ti rìn lọ síwájú, ó ti dé ìdí pátákó. Kò yíjú padà. Ó dáhùn bí ìyàwó ilé ṣe máa ń dáhùn nígbà tí àlejò bá ń pe ọkọ rẹ̀ láti ìta.

"Wọ́n wà nílé," ló wí.